Àdúrà Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìròyìn náà dé.

Àwọn èrò ti ń wọ inú bàálù láti iwájú. Wọ́n ń wá àga, wọ́n ń ti ẹrù sókè, ọmọdé kan ń sunkún pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lòun fẹ́. Lẹ́yìn pátápátá, níbi tí kọ́tìnì kan ti bo ilé ìdáná bàálù lójú, ọmọbìnrin tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín kọjú sí ògiri, ó ń sáré jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ìdájí. Ibi tó ti gé èyí tó tóbi jù sẹ́nu ni ọkùnrin tó máa ń kó oúnjẹ wọ bàálù ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Ó gbé àpótí oúnjẹ kalẹ̀, ó sì ṣí fìlà lórí.

Ìyẹn nìkan tó ohun tó ń já èèyàn láyà. Ọkùnrin náà kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni. Àwàdà ló fi ń kí èèyàn: bí kò bá ní o ti sanra jù fún ọ̀nà àárín àga, á ní o ti rù débi pé atẹ́gùn lè gbé ọ jáde lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ yẹn kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, àǹtí," ó ní. "Ẹ mà kú àjálù. Ọ̀gá mà lọ bẹ́ẹ̀!"

Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sí i. Ẹnu rẹ̀ kún, ojú ló fi béèrè.

"Ọ̀gá Kọ́tìnì ni mò ń wí. Wọ́n ní ojú oorun ni, nínú hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dé sí lánàá. Ẹni tó fẹ́ tún yàrá ṣe ló kan ilẹ̀kùn títí, tí kò gbọ́..." Ó wo ojú ọmọbìnrin náà dáadáa. Ó fi fìlà bo ẹnu ara rẹ̀. "Yéè! Ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni? Mo gbé! Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni o."

Ó fẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni tó da omi gbígbóná sílẹ̀.

Kí Ẹlẹ́rìn-ín tó mọ̀ bóyá ilẹ̀ lòun dúró lé tàbí òfúrufú, ẹnìkan ti ká kọ́tìnì sápá kan. Ìyá àgbàlagbà kan ni, oògùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi wá omi díẹ̀."

Búrẹ́dì náà ò lọ, kò bọ̀. Kò lè gbé e mì. Kò lè tu ú, nítorí èrò ló dúró níwájú rẹ̀ yìí. Ó fi ahọ́n tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, ó pa ètè dé, ó bu omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọlọ́run á bù kún ọ," ìyá náà wí. "Ẹ̀rín rẹ mà tù mí lára. Ẹ̀rù bàálù yìí ń bà mí tẹ́lẹ̀."

Bí bàálù ṣe sáré lórí ọ̀dà nìyẹn, tó sì gbéra, tí Ẹlẹ́rìn-ín wà lórí ìjókòó kékeré tí wọ́n ń ṣí lára ògiri, bẹ́líìtì léjìká, bẹ́líìtì ní ìbàdí. Àwọn èrò ń wò ó. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Búrẹ́dì náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí tó fi yọ́ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí yìnyín bá yọ́ nínú ife. Kò jẹ ẹ́, kò sì tu ú. Omi kan ò sì jáde lójú rẹ̀, nítorí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kò tíì dé ibi tí omijé ń gbé.

Ọ̀gá Kọ́tìnì ni wọ́n ń pe obìnrin náà bí kò bá sí níbẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, Ọ̀gá ni. Òun ló kọ́ Ẹlẹ́rìn-ín níṣẹ́, òun náà ló sì fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin náà wọ bàálù, ó ń jẹun lọ́wọ́, èrò kan kí i, ó fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín dá a lóhùn, gbogbo ìlà àga náà sì rí ìrẹsì.

"Ìwọ ẹlẹ́rìn-ín yìí," Ọ̀gá wí lẹ́yìn kọ́tìnì, "èrò ò gbọdọ̀ mọ̀ pé o ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé o gbọ́? Ebi ń pa wọ́n, kẹ̀kẹ́ oúnjẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n wá máa wo ìwọ tí ò ń rún un lẹ́nu bí ewúrẹ́?"

"Mi ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, mà."

"Kì í ṣe ti ebi nìkan." Ohùn Ọ̀gá rọ̀. "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ojú wa ló ń wò. Bí bàálù bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ojú wa ni wọ́n á kọ́kọ́ yíjú sí. Tí wọ́n bá rí i pé oúnjẹ la gbájú mọ́, wọ́n á rò pé a ti gbàgbé àwọn. Má jẹ́ kí èèyàn rò pé o ti gbàgbé òun."

Kọ́tìnì lè bo ojú, kò lè bo ohùn. Nítorí náà Ọ̀gá ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fẹ́ jẹun. Àdúrà ni wọ́n ń pe oúnjẹ. "Ṣé o ti gbàdúrà?" "Mi ò tíì gbàdúrà láti àárọ̀, ojú mi ti ń ṣú." "Àdúrà rẹ ti tutù, lọ gbé e gbóná." Àwọn èrò á máa mi orí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí mà mọ Ọlọ́run o. Ìgbà kan wà tí bàbá arúgbó kan na ọwọ́ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, tó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má yọ òun sílẹ̀ nínú àdúrà náà. Ọ̀gá wo ọwọ́ náà, ó sì gbé búrẹ́dì méjì lé e. Bàbá náà ṣe àmín.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára débi pé wọ́n ń gbé e relé. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọ̀kan nínú wọn sáré lọ bá ìyá rẹ̀ pé òun ti rí aya gidi: ọmọbìnrin tó ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tó sì máa ń làágùn bó bá ń gbà á.

Ṣùgbọ́n àdúrà tí Ọ̀gá fẹ́ràn jù kì í ṣe ti inú páálí bàálù. Bó bá ti ya ilé ìyá rẹ̀, kúlà pupa kan máa ń bá a wọṣẹ́, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja ni. Ó máa ń pe Ẹlẹ́rìn-ín sẹ́yìn kọ́tìnì. Àwọn méjèèjì á dúró, wọ́n á kọjú sí ògiri, ṣíbí méjì nínú kúlà kan.

"Ṣé o rí ọwọ́ ìyá mi?" Ọ̀gá á wí, á pa ojú dé. "Lọ́jọ́ tí mo bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, orí ìjókòó ni mo ti fẹ́ máa jẹun. Orí àga gidi. Iwájú ìyá mi gan-an ni n ó gbé àga náà sí."

Nígbà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, àpò Ọ̀gá ti kún. Ó fọ kúlà náà, ó gbé e fún Ẹlẹ́rìn-ín pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí àwọn á fi tún pàdé.

Nígbà tí wọ́n sì ti sin Ọ̀gá tán, kúlà yẹn ló gbé Ẹlẹ́rìn-ín dé ilé ìyá rẹ̀. Kò lè lọ síbi ìsìnkú, òkè ló wà lọ́jọ́ náà, ó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún èrò.

Àbúrò Ọ̀gá ọkùnrin, tó jẹ́ télọ̀, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, okùn òwú lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Yàrá iwájú náà ló ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì oúnjẹ wà láàárín, kọ́tìnì òdòdó sì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí kíṣìnnì. Ìyá wọn jókòó sórí àga onígi, ó kọjú sí ìta, ó káwọ́ lé àyà. Kò wẹ̀yìn.

Télọ̀ fa àlejò sápá kan. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, àǹtí. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ fún Màmá, omi nìkan ni. Omi! Dókítà ti wá, ó ní tó bá fi lè pẹ́ sí i, apá òun ò ní ká a mọ́. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún èmi. Mi ò fẹ́ sin èèyàn méjì." Ó nu ojú pẹ̀lú etí aṣọ oníbàárà. "Ẹ jẹun lójú wọn. Bóyá òórùn ọbẹ̀ á fa ọkàn wọn."

Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ọ̀gá ló kọ́ mi níṣẹ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyí, mo ní kí n dá a padà."

Màmá gba kúlà. Ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan wà níbẹ̀.

"Ó ṣófo," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. A fọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀ pé ó ṣófo." Ó dé e pa. Ohùn náà gbẹ bí igi. "Ta ni yóò sọ fún mi ibi tí wọ́n da oúnjẹ inú rẹ̀ sí?"

Ọ̀rọ̀ náà ta Ẹlẹ́rìn-ín létí, ṣùgbọ́n kò rí ìdí rẹ̀. Télọ̀ ti gbé àwo wọlé, èéfín ń jáde lára rẹ̀. "Èmi ni mo sè é o, ẹ má retí púpọ̀. Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n rán. Bí ẹja yẹn bá le, àlùmọ́gàjí mi wà lórí ẹ̀rọ."

Ẹlẹ́rìn-ín gba àwo. Ebi ń pa á, ojú ń tì í, ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ òkú. Ohun tó ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ wá ni ara rẹ̀ ṣe láìbi í léèrè.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sáré lọ gbàdúrà sí i."

Ó gbé àwo náà, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì òdòdó, ó fà á dé, ó kọjú sí ògiri, ó sì bu ìrẹsì sẹ́nu.

Igbe tó gbọ́ mú kí ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ lè jáde lára ẹni tí kò jẹun. Màmá fa kọ́tìnì náà tó bẹ́ẹ̀ tí okùn rẹ̀ já, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ìwọ náà! Ìwọ náà!"

Ẹnu Ẹlẹ́rìn-ín kún. Ọwọ́ rẹ̀ ti fò lọ bo ètè.

"Ó kẹ̀yìn sí mi! Ṣé o rí i, Télọ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa ń ṣe! Á gbé àwo, á sá wọ kíṣìnnì, á kẹ̀yìn sí èmi tí mo bí i. Èyí náà tún fẹ́ gbàdúrà sí i! Kí lẹ rí nínú oúnjẹ ilé mi? Àjẹ́ ni mí ni? Ẹ sọ ọ́ jáde kí n gbọ́!"

"Màmá, ẹ rọra," Télọ̀ wí, ó dì í mú. "Ta ló pè yín ní àjẹ́?"

"Ọmọ mi ni!" Télọ̀ gbé àga sábẹ́ Màmá. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, 'Ọmọ mi, ìrẹsì tí mo dì fún ọ ńkọ́, ṣé o ti jẹ ẹ́?' Ṣé o fẹ́ mọ ohun tó fi dá mi lóhùn? Ó ní, 'Màmá, mo ti gbàdúrà sí i o. Mo gbàdúrà sí i títí tó fi tán.' Títí tó fi tán! Kí ló tán? Kí ni mo fi sínú ìrẹsì, tí wọ́n ń gbàdúrà sí i títí tó fi tán? Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Mo pa fóònù. Ó tún pè, mi ò gbé e. Ó pè, ó pè. Mo ní kó máa pè lọ. Ohùn tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu ọmọ mi nìyẹn. Ó kú pẹ̀lú èrò yẹn lọ́kàn, pé ìyá òun fẹ́ pa òun. Kí ni mo wá fẹ́ jẹun fún?"



Orí Ẹlẹ́rìn-ín wú. Ó dà bí ẹni pé bàálù já bọ́ nínú afẹ́fẹ́. Ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí fóònù yẹn dún! Èrò ń wọlé lọ́wọ́, ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n wà, ṣíbí tirẹ̀ ló ń ha igun kúlà, Ọ̀gá sì ń lá ọbẹ̀ lórí ìka. Etí rẹ̀ méjèèjì ló fi gbọ́ "títí tó fi tán." Kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Ọ̀gá náà ò rí i. Ta ló ń rí ọ̀rọ̀ tó ti di ahọ́n ẹni? Ó tilẹ̀ rántí pé Ọ̀gá tún tẹ fóònù náà, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó sì ní, "Màmá ò gbé e. Bóyá wọ́n ń sinmi."

Ó gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. 

"Màmá," ó ní, "jíjẹ ni àdúrà!"

Wọ́n wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú.

"Òun la fi ń pe oúnjẹ, Màmá. Èrò ò gbọdọ̀ rí wa ká máa jẹun, wọn ò sì gbọdọ̀ gbọ́ pé a fẹ́ jẹun. Ọ̀gá ló kọ́ wa. 'Mo ti gbàdúrà,' ìyẹn ni pé mo ti jẹun. 'Mo gbàdúrà títí tó fi tán,' ìyẹn ni pé mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán, mi ò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Mo wà níbẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́!"

"Ta ló ń pe oúnjẹ ní àdúrà?" Télọ̀ béèrè, ẹnu rẹ̀ ò padé.

Màmá ń mi orí. "Ò ń tù mí nínú ni. Ọmọ dáadáa ni ọ́, ò ń parọ́ kí n lè jẹun."

"Mi ò parọ́. Ẹ wo èmi náà. Mo kẹ̀yìn sí yín nísinsìnyí, ṣé ẹ rí i? Mi ò mọ̀ pé mo ṣe é! Ara mi ló ṣe é. Ara Ọ̀gá náà ló ń ṣe é." Ó ń wá nǹkan míràn lọ́kàn, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. "Orí ẹja! Ẹ máa ń fi orí ẹja sí ìsàlẹ̀ kúlà, ẹ ó fi ìrẹsì bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa rí i. Ìrù ni Ọ̀gá máa ń fún mi. Bí ṣíbí mi bá ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀, á gbá a lọ́wọ́. Á ní, 'Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀, ìyá mi mọ ẹni tó bò ó mọ́lẹ̀ fún.'"



"Orí ẹja?" Télọ̀ yíjú sí ìyá rẹ̀. "Orí ẹja tí ẹ máa ń ní ológbò ló gbé?"

 Màmá na ọwọ́, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín mú, ó wò ó bí ẹni tó ń wo inú kànga.

"Ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́, Màmá. Ó fa egungun rẹ̀ mu."

"Títí tó fi tán," Màmá wí, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún un wí, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀rín wà nínú ẹkún náà, ó ń gbọ̀n ọ́n, Télọ̀ ò mọ èyí tí òun ì bá bá a ṣe nínú méjèèjì. Ẹlẹ́rìn-ín pẹ̀lú wá rí i pé ojú òun ti tutù. Omijé tí kò jáde nínú bàálù ló rí ọ̀nà wá nísinsìnyí.

Nígbà tó pẹ́, Màmá nu imú. "Orí ìdúró lẹ ti ń jẹ ẹ́?"

"Orí ìdúró ni, mà."

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí! Kò jókòó."

"Ó ní bí òun bá fiṣẹ́ sílẹ̀, orí àga gidi lòun ti máa jẹun. Ó ní iwájú yín gan-an lòun máa gbé e sí."

 Màmá dìde, ó di ara rẹ̀ mú lára tábìlì. Ó fa àga kan jáde, ó gbé e yí, títí ó fi dojú kọ tirẹ̀. Ó gba àwo lọ́wọ́ àlejò, ó da ìrẹsì àti ẹja inú rẹ̀ sínú kúlà pupa náà. Ó gbé e sáàárín, ó ki ṣíbí méjì bọ̀ ọ́.

"Jókòó síbí, ọmọ mi. Jẹ ẹ́ kí n rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ."

Ẹlẹ́rìn-ín jókòó. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí ọmọ ọwọ́ ń ṣe lè nira tó báyìí. Ó bu ìrẹsì, ó fi sẹ́nu, ọrùn rẹ̀ sì fẹ́ yí sí ògiri. Ó dá a dúró. Màmá mú ṣíbí kejì. Ó bu díẹ̀, ó gbé e sókè.

"Télọ̀," ó ní, "má wulẹ̀ so kọ́tìnì yẹn padà. Jẹ́ kí èmi náà gbàdúrà."

Ẹlẹ́rìn-ín fi ọwọ́ òsì rẹ̀ sábẹ́ itan kó má bàa fò lọ bo ẹnu. Ó gbé ojú sókè sí ojú ìyá Ọ̀gá, ó sì ń jẹun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n lè rí i.